Kọfí Lórí Aránṣọ

Irun aránṣọ náà ti funfun tán, òun gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí iyè rẹ̀ ti ń rá, kò mọ̀ ọ́n lọ́mọ mọ́. Tó bá ti rí orí ewú yẹn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń kí ti kú tipẹ́. Ìyá tó bíni wá ń bọ̀wọ̀ fúnni bí àgbà! Ó ń dun aránṣọ dé egungun. Ó kàn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ tún pe òun ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi ti ìgbà èwe lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ò gba orúkọ yẹn mọ́.

Aró irun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù máa ń jẹ́ kí awọ orí rẹ̀ wú, ló bá yà sí ilé ìdáná. Ó po kọfí dúdú pọ̀ mọ́ ìpara irun, ó fi kun orí, ó fi ọ̀rá wé e. Ó yẹ kó mú sùúrù kí àwọ̀ náà mú, kó tó fi omi àti fínígà ṣàn án, ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ tí ìyá rẹ̀ jí, ó já ọ̀rá dànù, ó sáré wọ yàrá. Kọfí ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

"Ọ̀bùn ni ẹ́," ni ìyá dáhùn. "Ta ló da ẹrẹ̀ sí ẹ lórí? Ó yá, máa bọ̀!"

Ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń fi ọṣẹ bó o. Aránṣọ fẹ́ pariwo, ọṣẹ tó ń hó kún un lẹ́nu. Ó ń wo kọfí tó ń ṣàn lọ nínú agbada ìfọwọ́, ó mọ̀ pé ewú òun ti padà nìyẹn. Iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Àfi bí ìka ìyá ṣe dúró lẹ́yìn etí rẹ̀, lórí àpá kan tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré.

"Mo ní kó o yé sáré yí tábìlì ká, o ò gbọ́. Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ó ń dùn mí díẹ̀, Màmá," ló wí. Kò jẹ́ gbé orí sókè, kí ìyá má baà rí ewú. "Ẹ tún un fọ̀."