Lẹ́ńsì fún Ojú Màámi

2.

…tí ojú Màámi sì tún ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi. Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, ó mí kanlẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá ìyá rẹ̀, ògiri ilé kejì sì ti dí ìdajì rẹ̀. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá láti inú páálí ò lè mu ìmọ́lẹ̀ tó fún irú ibẹ̀.

Fíláàṣì ńkọ́?

Kò ṣeé dán wò. Ó ń ta Màámi lójú bí ata.


3.

ÌWÉ LÁTI ILÉ ÌWÒSÀN, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì:

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Ẹ bọ́ yẹtí àti òrùka sílé. A óò yọ kókó tó wà ní egungun àgbọ̀n òkè, pẹ̀lú eyín iwájú tó wà lára rẹ̀. Ìrísí ojú lè yí padà díẹ̀.

Ẹnì kan ti fi bírò fa ilà sábẹ́ "díẹ̀". Alágbàfọ̀ mọ̀ pé òun kọ́. Àwọn méjì péré ló sì ń gbé inú ilé náà.


4.

Èyí sọnù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.


5.

Ẹ̀GBỌ́N (àtẹ̀jíṣẹ́, láti òkèèrè): Ṣé o ti ya Màámi?

ALÁGBÀFỌ̀: Yàrá wọn ṣókùnkùn, Bùrọ̀dá.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo tú gbogbo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín tí ọwọ́ wọn ò bo ẹnu. Gbogbo ayé ló mọ èjí Màámi. Àwa ọmọ la ò ní in nínú fọ́tò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo wà nítòsí.

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́.

(Ẹ̀gbọ́n kì í bẹ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló já Alágbàfọ̀ láyà.)


6.

Ilé ìtajà kámẹ́rà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri:

ỌJÀ TÁ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

ONÍKÁMẸ́RÀ: Lẹ́ńsì méjèèjì yìí, wọn kì í fà, wọn kì í sún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mu ìmọ́lẹ̀ bí iyanrìn ṣe ń mu omi.

ALÁGBÀFỌ̀: Èwo ni kí n mú?

ONÍKÁMẸ́RÀ: Èyí tí wọ́n kọ 50 sí lára, Àádọ́ta yìí, á fa ojú wá fún yín láti ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn á rọra pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ nílò àyè láti sún sẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ 35, Márùndínlógójì, ń rí ibi tó fẹ̀. Òun, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ènìyàn. Báwo ni yàrá yẹn ṣe fẹ̀ sí?

ALÁGBÀFỌ̀: Kò fẹ̀.

ONÍKÁMẸ́RÀ: Kò fẹ̀ bí i báwo?

ALÁGBÀFỌ̀: (Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ká wọn kò díẹ̀. Ó tún ká wọn kò.)

ONÍKÁMẸ́RÀ: Ẹ padà sílé. Lẹ́ńsì tẹ́ ẹ ní lè fà, ó lè sún; ẹ yí i sí 50, kẹ́ ẹ fi téèpù dè é. Ẹ yà á wò. Lẹ́yìn náà, 35. Ara yín á sọ èyí tó gbà.


7.

Ìdí tí Àádọ́ta fi dára, bó ṣe ń rò ó nídìí tábìlì ìlọṣọ:

— Ojú nìkan ló máa gbé, kò ní í gbé àpò oògùn.

— Gbogbo àwọn ará orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní òun ló yẹ ojú.

— N kò ní í sún mọ́ wọn.

Òórùn ló ta á jí. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ti ń jó lábẹ́ irin.


8.

50. Ó sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yà, ó tún sún, ó di ẹnu ọ̀nà. Ó tún sún. Ó ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ojú Màámi tó wọlé tán. "Ṣé o ti ń lọ ni?" ni Màámi bèèrè.

35. Ó fa àpótí, ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ kan orúnkún ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.


9.

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí kí ìyá rẹ̀.


10.

ÌYÁ: Kí ló ń gbọ̀n ọ́?

ALÁGBÀFỌ̀: Kò sí o, Màámi. Lẹ́ńsì ni mò ń rò.

ÌYÁ: Ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lágbọ̀n ò gbọ̀n, ẹni tó fẹ́ ra dígí ló ń gbọ̀n bí ewé.

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Èjí yẹn ò yẹ kó máa tì yín lójú.

ÌYÁ: Èjí wo ló ń tì mí lójú? Èjí tí bàbá yín tìtorí ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbi tí kò ti ń lọ?

ALÁGBÀFỌ̀: Kí lẹ wá ń bò ó fún?

ÌYÁ: Ta ni kí n rẹ́rìn-ín sí? Bẹ́ ẹ bá ti gbé nǹkan dúdú yẹn bojú, n kì í rí yín mọ́. Ẹni tó bá ń dá rẹ́rìn-ín, kò ní í bo ẹnu kí wọ́n má pè é ní wèrè?


11.

(Láti ọ̀dọ̀ Ìyá, kò sì sọ ọ́ jáde.)

Òun ló fa ilà sábẹ́ "díẹ̀". Ó fà á kí ẹnì kan lè bi òun léèrè. Kò sẹ́ni tó bèèrè.


12.

Bó bá jẹ́ Márùndínlógójì, ó lè jókòó sún mọ́ wọn, kó gbé kámẹ́rà sí àyà, kí Màámi máa wo ojú òun lókè rẹ̀.

Ó lè. Bí ọwọ́ ò bá gbọ̀n. Bó bá lè wò wọ́n lójú.

ONÍKÁMẸ́RÀ: Ṣé ó dá yín lójú?

ALÁGBÀFỌ̀: Kò dá mi lójú. Ẹ dì í.


13.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, ILÉ ÌWÒSÀN: Àyè ti ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìyá yín ti di òní. Bí wọn ò bá tí ì jẹun, kí wọ́n má jẹ nǹkan kan. Ẹ tètè máa gbé wọn bọ̀.


14.

Yàrá tó fi lẹ́ńsì wọ̀n nílé kọ́ nìyí. Wọ́ọ̀dù ńlá ni, fèrèsé gba ògiri kan tán. Àyè pọ̀ lẹ́yìn Alágbàfọ̀ débi pé èèyàn lè sáré níbẹ̀. Àádọ́ta ì bá ti ṣe é!

"Ẹ má pẹ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Alágbàfọ̀ kò lo àyè náà. Ó fa àga, ó sún títí orúnkún rẹ̀ fi kan bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé kámẹ́rà sí àyà.

ÌYÁ: Dígí ọ̀hún nìyẹn?

ALÁGBÀFỌ̀: Òun ni, Màámi.

ÌYÁ: Gbogbo ìyọnu yẹn, ìdérí ìgò lo lọ rà wá.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọmọ, omijé bá a jáde. Ó ń wo ìyá rẹ̀ lójú. Ẹ̀rín mú Ìyá náà. Ọwọ́ Ìyá kúrò lórí aṣọ ìbora, ó ń gòkè bọ̀. Alágbàfọ̀ tẹ kámẹ́rà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò wo ìsàlẹ̀.

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì lọ.


15.

Bóyá ọwọ́ ti dé ẹnu kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Bóyá apá aṣọ nọ́ọ̀sì ni lẹ́ńsì mú.


17.

Bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí itan rẹ̀, ó ti pa á. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé Màámi gbà ṣì wà ní títì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wọ́n ti jáde?

Alágbàfọ̀ kò mọ èyí tí Ẹ̀gbọ́n ń bèèrè: àwọn fọ́tò ni, àbí Màámi.

ALÁGBÀFỌ̀: Wọn ò tí ì jáde.