Máíńdísẹ́ẹ̀tì ní Ilé Búrẹ́dì

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan bá máníjà tuntun wọ ilé búrẹ́dì náà, ara ò sì rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Búrẹ́dì kò wú, máíńdísẹ́ẹ̀tì. Òrùlé ń jò, máíńdísẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ráhùn yóò dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ láàárọ̀, yóò ní, "Mo ti yí máíńdísẹ́ẹ̀tì mi padà," wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gbẹ̀bùn. Tó bá tún ráhùn, ilé ló ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, tó ń po ìyẹ̀fun, ti dúró níbẹ̀ rí. Ó ní òun ń gbóòórùn gáàsì lẹ́yìn ààrò ńlá.

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe imú yín o, àǹtí. Máíńdísẹ́ẹ̀tì yín ni."

Ojú tì í bíi kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tó délé, ó ròyìn ọ̀rọ̀ gáàsì náà fún bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì bi í pé kí ni máíńdísẹ́ẹ̀tì túmọ̀ sí gan-an.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le. Bí èèyàn ṣe ń ro nǹkan lọ́kàn ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ yín yẹn, ẹ panu mọ́ ló ń jẹ́. Àbúrò rẹ tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nídìí ààrò, Bàbá."

Òótọ́ ni nígbà yẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé àbúrò náà síbẹ̀ pé kó máa dáná. Ẹ̀gbọ́n ló bá a wáṣẹ́ ọ̀hún, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló sì ń ra oògùn Bàbá. Ẹ̀rù ń ba Ẹ̀gbọ́n gidi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò bá máníjà yìí ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Òórùn náà le débi pé ó ń ta Ẹ̀gbọ́n lọ́fun.

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí i nídìí ààrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbóòórùn kan? Orí ń fọ́ mi."

Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n.

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Máíńdísẹ́ẹ̀tì lásán ni, ọmọ ìyá mi."

Láti kékeré, ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá ti sọ, abẹ gé e. Ọkàn àbúrò rẹ̀ balẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ààrò, ó sì ṣáná.