Aránṣọ Lẹ́yìn Fèrèsé

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ara ti ń fu bàbá aránṣọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ti jẹ́lé-ó-sinmi bọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ní gbogbo ìka, kò sì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí bàbá bá bi í pé kí ni wọ́n kọ́ wọn, á ní, "A ṣeré ni." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá fi téèpù ìwọnṣọ pupa rẹ̀ kọ́rùn, ó lọ lúgọ sẹ́yìn fèrèsé kíláàsì.

Tíṣà da amọ̀, ọ̀dà àti ìdérí ìgò sílẹ̀. Kò ya ohunkóhun tí àwọn ọmọ máa wò yà, ó kàn jókòó tì wọ́n. Inú bí bàbá. Ta ló ń gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n? Ó já wọlé.

"Tíṣà, kí lẹ ní kí wọ́n ṣe gan-an?"

"Ohun tó bá wù wọ́n ni, bàbá. Ẹ bi wọ́n."

Ó gba bébà ọmọ ọmọ rẹ̀. Ojú ràbàtà kan ló wà níbẹ̀, ojú náà ranjú mọ́lẹ̀. Okùn pupa kan gùn gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ sì tò sí i létí, gbogbo wọn jìnnà síra bákan náà.

"Ojú ta nìyí?"

"Tiyín ni, Bàbá. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yọjú wò wá. Ẹ padà síbẹ̀, mi ò tíì yà yín tán."