Orúkọ Cyril Leggott

"Garth, ta ló fi sáńpépà ha ibí yìí?"

Neville Brackenbury ti ki ọwọ́ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn náà, ìka rẹ̀ sì dúró sábẹ́ àpò òsì. Ibẹ̀ ló yẹ kí àmì rẹ̀ wà. Irin gbígbóná ló fi ń tẹ àmì náà sára gbogbo jákẹ́ẹ̀tì òde òní tó bá ní, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á bí ojúlówó tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wọ̀ nígbà ogun Hitler. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ jọ ní agbègbè Lincolnshire, ẹni tó bá yọ irú àmì bẹ́ẹ̀ ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a mu tíì mọ́.

Garth, àbúrò rẹ̀, ń to nǹkan sórí tábìlì wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Inú ilé ńlá tí wọ́n ń gbé bàlúù sí láyé ijọ́un ni ẹgbẹ́ ti ń pàtẹ, òtútù ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Àárọ̀ Sunday la wà."

"Mo ní ta ló ha á?"

"Èmi ni. Ṣé kí n wá kú ni?"

Ẹ wo ẹnu o! Neville yí jákẹ́ẹ̀tì náà sódì. Garth ti fi tíì kun ún, ó sì ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà kí ó lè dà bí ohun àtijọ́. Awọ ìgúnpá ti sán, ó le bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ sómi. Jákẹ́ẹ̀tì tí Neville fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọrùn rẹ̀ rán! Oṣooṣù ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì rọra ya irun inú rẹ̀, tó ń fi òróró díẹ̀ pa ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń gbé e kọ́ sí yàrá tútù, nítorí ooru kì í jẹ́ kí awọ àgùntàn pẹ́.

Ìgbà yẹn ló wá rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí Garth rán mọ́ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n fi yíǹkì kọ ọ́ síbẹ̀: C. LEGGOTT.

"Ta ni Leggott?"

"Orúkọ kan lára òkúta ìrántí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan ni. Ọdún 1944 ló kú. Ta ló kù tó máa béèrè rẹ̀?"

"O lọ jí orúkọ òkú!" Neville na ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà sí i. "Garth, ojú ò tì ọ́! Àní ojú ò tiẹ̀ tì ọ́ rárá!"

"Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà á ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bọ̀ nísinsìnyí."

Lóòótọ́, màmá arúgbó kan ti ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Èwo ni?" ni ó wí.

Garth rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Màmá náà rí orúkọ yẹn, ó sì ki ojú bọ inú irun àgùntàn náà, ó ń fimú fa òórùn rẹ̀.

"Avis Leggott ni mí," ó sọ ọ́ láìgbójú sókè. "Cyril ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó lọ. Wọ́n ní inú òkun ni bàlúù rẹ̀ já sí. Kò sí nǹkan rẹ̀ kan tó padà wálé, bọ́tìnnì lásán kò padà."

Ojú Garth yí padà. Ó tẹ Neville lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Neville mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Bí òun bá dákẹ́, màmá á gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ á lé àwọn méjèèjì, torí tábìlì kan náà ni, orúkọ Brackenbury kan náà ló sì wà níwájú rẹ̀. Ogún ọdún ló ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn.

"Mà, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín," ni ó wí. "Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n rán an. Àbúrò mi ló lọ kó orúkọ ẹ̀gbọ́n yín lára òkúta."

Nígbà tí màmá gbójú sókè, Neville ló dojú kọ.

"Ta ló bi ọ́?"

"Mà?"

"Mo ní ta ló bi ọ́! O ò lè jẹ́ kí n gbé e délé ná? Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni mí! Ìgbà wo ni mo fẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú! Màá bínú dáadáa!" Ó na ọ̀pá sí Garth. "Ìwọ ńkọ́, olè? Ṣé torí kí o lè rí awọ tà ni Cyril ṣe kú?"

Alága ẹgbẹ́ káwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n. Màmá ju jákẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì.

"Yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀. Níṣojú mi báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n," Garth sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "tẹ́ ẹ bá tú u, a ti jẹ́wọ́ lójú alága nìyẹn o."

Neville mú bíléèdì. Ó ń gé òwú náà níkọ̀ọ̀kan kí aṣọ má baà ya. Garth ṣépè, ó fa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yọ, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. Neville kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí aṣọ náà bọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún màmá, màmá sì ká a sínú báàgì rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí Cyril lọ, mo béèrè pé ṣé á padà," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le. "Bàbá mi ní á padà. Ìyá mi ní á padà. Cyril nìkan ló ní òun ò mọ̀. Títí di òní, inú ṣì ń bí mi sí i."

Ó fa àga Garth, ó sì jókòó.