Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

"Ẹ gbọ́ mi yé ná!" Màdámù Ìṣirò na bírò sí Bàbá Ọ̀gá. "Mo ní D ni ìdáhùn!"

"B ni," ni Bàbá Ọ̀gá wí. "Nígbà tí mo ti ń mú ṣọ́ọ̀kì dání, ìwọ kò tíì lè ka ení, èjì."

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà," ni ẹnì kẹta wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dọ́ Ọ̀mọ̀wé, sọ. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. A ni."

Ìyá Ìdánwò, olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà, ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹrù ẹlẹ́rù. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe ìdánwò yìí, tí yóò fi hàn bóyá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè bá onírúurú ènìyàn àgbáyé ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni pé onímọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ìdáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgbọ̀n ìbéèrè, ó ku ẹyọ kan, ìkẹtàdínlógún. Bí kò bá pé kí aago méjì tó lù, ìdánwò àtijọ́ ni wọn yóò lò, èyí tó ń béèrè orúkọ olú-ìlú àádọ́ta orílẹ̀-èdè. Aago méjì sì ku ìṣẹ́jú ogún.

Ìbéèrè náà rèé: "Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò fara mọ́ èrò rẹ. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe? A: tún èrò rẹ ṣàlàyé. B: pe àgbà kó dá sí i. D: bi í ní ìdí tirẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kẹrin," ni Ọ̀dọ́ Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀.

"Àgbà ti dá sí i! Èmi àgbà náà rèé!"

"Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ bi mí ní ìdí tèmi!" ni Màdámù pariwo.

Ìyá Ìdánwò kúnlẹ̀. "Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mo yọ ọ́ kúrò. N ó kọ òmíràn."

Ìbéèrè yẹn ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọgbọ̀n. Ó fi bírò pupa fagi lé e, ó sì kọ òmíràn: "Ènìyàn mẹ́ta ń jiyàn. Ọ̀kan ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ṣáá, ọ̀kan ń fi ọjọ́ orí halẹ̀, ọ̀kan ń pariwo. Kí ló yẹ wọ́n? A: kí wọ́n máa bá a lọ. B: kí wọ́n tú ká. D: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dákẹ́ gbọ́ tẹnì kejì." Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá dá ara wọn mọ̀, iṣẹ́ ọdún méjì wọmi nìyẹn.

Wọ́n kà á.

"D," ni Màdámù wí.

"D ni. Kí ló tún kù?" ni Bàbá Ọ̀gá wí.

"D," ni Ọ̀dọ́ Ọ̀mọ̀wé wí. "Ó tilẹ̀ rọrùn jù."

Wọ́n buwọ́ lù ú. Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ọ̀gá yíjú padà. "Ìyá Ìdánwò, irú àwọn aláìgbọràn wo lo kọ sílẹ̀ yẹn? Ṣé irú wọn wà níbi iṣẹ́ wa ni?"

"Rárá o, bàbá! Àròsọ lásán ni."

Ó di ìwé náà mọ́ àyà, ó sì sáré gba ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó rántí kà á lẹ́ẹ̀kejì.