Àwòrán Tí Kò Lórúnkún

Tóyìn, gbọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Mo ti di àwòrán inú ìwé tí mo máa ń ya ara mi sí lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ mi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, torí n kì í ya orúnkún. Ni ìyá àgbà mi bá ṣí ojú ìwé bí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọ̀rá àkàrà wọlé. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ò ká.

"Ìdúró lo fi ń kí mi, bí òpó iná?"

Wọ́n gbé ọ̀rá àkàrà wọn, wọ́n ń bínú lọ. Mo bú sẹ́kún, íńkì búlúù ló ń dà lójú mi. Mo yáa fa bírò yọ, mo ya orúnkún méjì roboto bí àgbọn, mo kúnlẹ̀ gbì: "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Ni mo bá jí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, níwájú àbúrò mi.

Ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde."