Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Tíṣà

"Kásẹ́ẹ̀tì yẹn dà?"

Bàbá Francis Awóṣùsì ló bi gbogbo ilé léèrè. Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lọ ní tirẹ̀. Jùwọ́nlọ, ọmọ ọmọ wọn, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì.

Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ni, láti ayé ìgbà tí Bàbá ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìjerò. Kò lè rántí ohunkóhun fúnra rẹ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, ni a ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí Jùwọ́nlọ ti parí yunifásítì ló ti ń tún un ṣe, oṣù méje gbáko. Iná ti wọ̀ ọ́ báyìí. Ó lajú sílẹ̀, kò ríran.

Bọ́lájí, ẹnjiníà kan ní Ìbàdàn, ti sọ ojú abẹ níkòó: bí wọ́n bá rí ẹ̀kọ́ ìṣirò tí Bàbá kọ fún ẹ̀rọ náà, òun yóò ṣe ogójì irú rẹ̀ ní tuntun fún àwọn ilé ìwé tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá rí i, kí kálukú gbàgbé. Ẹ̀dà kejì kò sì sí.

"Bàbá, ẹ tún un kọ," Jùwọ́nlọ bẹ̀ wọ́n.

"Orí tó kọ ọ́ ti lọ, ọmọ mi. Èyí tó kù yìí, orúkọ yín gan-an ló ń bá mi fà."

"Tíṣà pè mí ní Janet lánàá," Ìyá Àgbà dá sí i. "Ta ló ń jẹ́ Janet nínú ulé yìí?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Jùwọ́nlọ bá Ìyá Àgbà lọ sí oko ìrẹsì lọ́nà Ayétòrò, ọ̀nà tí wọ́n jọ ń tọ̀ látìgbà tí ìrẹsì ti yọ ọmọ. Ẹyẹ ń rá bàbà lókè, wọn ò bà.

"Ìyá Àgbà, kí ló ń lé wọn?"

"Ṣé o ò rí i ni? Òun nìyẹn."

Okùn pẹlẹbẹ kan, dúdú, ló nà láti òpó dé òpó, tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, a máa kùn.

"Kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ni. Mo gbé e sí rédíò, kò kọrin, kò wàásù, ó kàn ń han bí adìẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ni mo bá fà á tú."

Jùwọ́nlọ rọra rìn dé ìdí òpó àkọ́kọ́. Ike kásẹ́ẹ̀tì náà rọ̀ síbẹ̀. Òjò ti pa ìwé ara rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ Bàbá ṣì hàn: ÌṢIRÒ.

Igbe adìẹ tí rédíò ń ké yẹn, ẹ̀kọ́ Bàbá ni, kọ̀ǹpútà nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Ó fa bírò yọ lápò, ó tì í bọ ihò ike náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kí okùn náà lè wọlé padà.